Ẹ Má Lé Wọn Kúrò Lọ́jà, Ẹ Kọ́ Wọn Lójú Ọjà

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe aṣọ òkè, kì í sì í ṣe àdìrẹ. Aṣọ òkìríkà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fírípù ní Kútọnu.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà kan pé kí àwọn ọba wa bá mérì sọ̀rọ̀, kí wọ́n lé àwọn ọmọ tó ń ta kóòtù àtijọ́, ṣòkòtò àtijọ́ àti táì kúrò nínú ọjà. Wọ́n ní aṣọ òkú òyìnbó ni. Wọ́n ní ó ń ba iṣẹ́ aránṣọ jẹ́. Wọ́n ní àbùkù ni fún ìlú tó mọ aṣọ hun. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà kan, mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi níbi tó pàtẹ sí. Táì, tí àwọn ọmọ iléèwé ń pè ní kàràfátì, ló kó jọ bí òkìtì ẹ̀fọ́. Ọkùnrin kan dé láti Kútọnu. Kò wo àwọ̀, kò wo iṣẹ́ ara táì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń yí wò, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ṣa méje, ó san 200 sẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kí wa, ó lọ. Mo tẹ̀ lé e dé ibi ọkọ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá lẹ́yìn táì yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Márùn-ún nínú rẹ̀, ṣẹ́dà gidi ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ni mo máa tà á fún, 5.000, 5.000."

Ẹ bá mi ṣírò ó. Ọmọ wa gba 1.400 sẹ́fà lórí méje. Ọkùnrin yẹn yóò gba 25.000 lórí márùn-ún péré. Ọmọ wa ló ra ìdì aṣọ, òun ló rù ú, òun ló jókòó sínú oòrùn látàárọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìmọ̀ ló jẹ owó rẹ̀. Àwọn baba wa ní ẹni tó bá mọ iyì wúrà là á tà á fún. Ó dáa. Bí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ kò bá wá mọ iyì rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí aṣọ yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń kó aṣọ tí wọn ò wọ̀ mọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Àwọn wọ̀nyẹn ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣà á. Èyí tó dára jù lójú wọn, ọ̀dọ̀ wọn ló ń dúró sí, àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ àtijọ́ á sì tà á ní owó gọbọi. Ìyókù ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́ra di bálù, èyí tó sábà máa ń wọn kílò 45 tàbí 55, kí wọ́n tó kó o wá sí èbúté Kútọnu àti Lomé. Ní Misẹ̀bọ̀ ní Kútọnu, tàbí ní Hédzranawoé ní Lomé, bálù tí wọ́n dì pa lẹ máa rà. Ẹ ò ní tú u wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣa aṣọ lọ́hùn-ún, ìkánjú ló fi ń ṣe é. Táì kéré, ó fúyẹ́, kì í pẹ́ bọ́ mọ́ wọn lójú. Nínú ohun tó bọ́ mọ́ wọn lójú yẹn ni èrè wa wà.

Ẹ̀yin àgbà, ṣé àwa ló yẹ kí ṣẹ́dà ṣòro fún láti dá mọ̀? Àwa tí kòkòrò inú igbó ń pèsè òwú sányán fún? Àlàárì tí àwọn baba ńlá wa fi ń ṣe ọ̀ṣọ́, òwú ṣẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun ún, òkè òkun ló ti ń wá, ó sì ń gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé ọwọ́ ahunṣọ wa. Kò sí ẹni tó pe àlàárì ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ náà gan-an kò jìnnà sí wa: àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ mọ̀ pé seda ni Pọtogí ń pe ṣẹ́dà.

Ẹ̀kọ́ tí mò ń wí yìí kò ṣòro rárá. Kí ọmọ yí táì padà, kó ka lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Faransé á kọ soie, Gẹ̀ẹ́sì á kọ silk, Ítálì á kọ seta, Jámánì á kọ Seide. Ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti já, kó fa fọ́nrán kan yọ láti etí aṣọ náà nínú, kó fi iná kàn án. Ṣẹ́dà á rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ á sì fọ́ lọ́wọ́. Èyí tí kì í ṣe ṣẹ́dà, tó jẹ́ ọ̀rá lásán, á yọ́, á di kókó líle. Kó gbé táì kọ́ ọwọ́: èyí tí wọ́n gé dáadáa kì í lọ́. Èyí tó fẹ̀ gbàgàdà sábà jẹ́ ti àwọn ọdún 1970, èyí tó tín-ín-rín sì sábà jẹ́ ti àwọn ọdún 1960. Kó má ṣe rì í sínú omi ọṣẹ, kó má sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ etí rẹ̀ pẹlẹbẹ, torí ibẹ̀ ni ẹwà rẹ̀ ti ń bàjẹ́.

Kóòtù náà ní tirẹ̀. Kó fi ìka méjì di iwájú rẹ̀ mú nísàlẹ̀ ihò bọ́tìnnì, kó rọra fà á. Bí ìka rẹ̀ bá kan ìpele kan tó dá dúró láàrin méjì, a jẹ́ pé wọ́n rán an sí i ni, wọn ò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Irú èyí ni kì í wú lẹ́yìn òjò. Àmì Woolmark tó wà nínú àwọn kan, ọdún 1964 ló jáde, nítorí náà kóòtù tó bá ní in kò lè ṣáájú ọdún yẹn.

Ẹ máa bi mí pé, àwọn aránṣọ ńkọ́? N kò ní purọ́. Ṣòkòtò ọmọ iléèwé tí wọ́n ń rán tẹ́lẹ̀, òkìríkà ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kóòtù tí òyìnbó gíga wọ̀, ta ló máa gé apá rẹ̀ kúrú? Ta ló máa pààrọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀, kí ọkọ ìyàwó tó lè wọ̀ ọ́ lọ sí mérì? Aránṣọ náà ni. Bí ẹni tó ń tà bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á lówó tó máa fún aránṣọ. Bí 200 sẹ́fà bá ni gbogbo owó aṣọ, kí ló máa fún un?

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, òfin nìkan kò lè lé òkìríkà lọ. Nàìjíríà ti fòfin de kíkó o wọlé tipẹ́tipẹ́. Ẹ dé ọjà Kàtángúà ní Èkó kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ti tán. Ní 2016, Rùwáńdà gbé owó bodè rẹ̀ láti sẹ́ǹtì 20 sí dọ́là 2,50 lórí kílò kan. Ní 2018, Amẹ́ríkà dá àǹfààní tí aṣọ Rùwáńdà fi ń wọlé sọ́dọ̀ wọn láìsan owó bodè dúró. Bó bá le báyìí fún odidi orílẹ̀-èdè, kí ni mérì kan máa ṣe?

Ẹni tí a bá lé kúrò ní ọjà Kétu, ọ̀nà igbó ni yóò gbà. Àwa tí bodè wà lẹ́yìn ilé wa kò tíì gbàgbé ìgbà tí Nàìjíríà ti ẹnu ibodè láti oṣù kẹjọ 2019 títí di oṣù kejìlá 2020. Ọmọ tó bá di bálù sórí alùpùpù lóru, ẹrù rẹ̀ lè lọ, òun náà lè máà dé. Èyí tó bá mọ ṣẹ́dà, táì mẹ́wàá tó wà nínú báàgì rẹ̀ tó o jẹun níbi tó jókòó sí, kò ní sá fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, kí àwọn ọba wa bá mérì sọ ọ́ kí wọ́n fún àwọn ọmọ yìí ní ìlà kan nínú ọjà, kí owó ìlà náà jẹ́ iye kan tí gbogbo ayé mọ̀, kí wọ́n sì máa fún wọn ní ríṣíìtì. Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa yọ ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù ní ilé ìpàdé, kí àgbà aránṣọ kan máa kọ́ wọn ní ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa dá owó jọ ra bálù, kó má bàa jẹ́ pé ẹnìkan ni bálù burúkú máa pa. Àwọn náà gbọ́dọ̀ ṣe tiwọn: èyí tí kò ṣeé wọ̀, kí wọ́n gé e ní àkísà fún àwọn mẹkáníìkì, kí wọ́n má dà á sí gọ́tà wa.

Kábíyèsí, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ wà lọ́jà. Orí ọmọ yìí ti ń wọ́. Ẹ má ní ká gbé ọmọ náà sọnù. Ẹ bá wa tún orí rẹ̀ ṣe.