Fóònù Bàbá, Fídíò Ọmọ
Lọ́dún 2017, ọmọbìnrin kan lọ jẹun lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílé-iṣẹ́ Apple ní Kalifọ́níà. Ó ya fídíò iPhone X tí kò tíì dé ọjà, tòun ti àmì ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́ tó hàn lójú rẹ̀, ó gbé e sórí YouTube. Apple ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́; wọ́n ṣì lé bàbá kúrò níṣẹ́. Ìyà yẹn pọ̀ jù lójú tèmi, àmọ́ ta ló gbé fóònù náà fọ́mọ? Àṣírí ibi iṣẹ́ kan ará ilé náà: ẹ̀yin ará Sábó ní Zaria tí ìyàwó yín jẹ́ nọ́ọ̀sì, Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 ti sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí. Bó bá gbàgbé fáìlì aláìsàn sórí tábìlì oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sórí WhatsApp.