Ta Ló Ni Bátìrì Inú Fóònù Mi?

Ẹni tí kò bá dé Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun rí kò lè fi ojú lásán mọ ibi tí ìlú kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ń bá ilé lọ ni. Ọmọ Ìlobùú ni bàbá mi, Ìfọ́n ni wọ́n ti bí màmá mi, láti kékeré ni mo sì ti máa ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé bàbá lọ sí ilé ìyá kí ọbẹ̀ tó jiná. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí ìjà ààlà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì kéde kónílé-ó-gbélé, ìrìn kékeré yẹn di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná. Kì í ṣe ìjà náà ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lónìí, àwọn àgbà tó mọ ìdí rẹ̀ pọ̀. Fóònù àǹtí mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Àǹtí mi yìí, àbúrò màmá mi, Ìfọ́n ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí fóònù wọn ti ń ṣe bí abíkú: yóò kọ 40% sí ojú, bí ìpè bá wọlé báyìí, yóò kú. Ẹnjiníà tó máa ń bá wọn tún un ṣe, Ìlobùú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, wọ́n sì ń sọ pé àwọn yóò gbé e lọ, àwọn yóò gbé e lọ, títí ọ̀nà fi dí. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, a óò pè wọ́n, yóò dún lẹ́ẹ̀kan, yóò pa. Ẹ fojú inú wo ohun tí ènìyàn máa ń rò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ tí fóònù bá pa láàrin ìpè. Odindi ọjọ́ méjì ni màmá mi kò fi lè jẹun dáadáa. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó yá fóònù aládùúgbò wọn pè wá: ara wọn le, bátìrì ni.

Bátìrì ni! Ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, tí kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ ní fífẹ̀ nígbà kan rí, ló fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ríru pa màmá mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní sùúrù mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ bátìrì fóònù fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Kò rí báyìí látilẹ̀wá. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní oṣù Ògún ọdún 2001, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dáyé. Ṣùgbọ́n a bá àwọn Nokia kékeré yẹn nílé. Èékánná lásán ni a fi ń ṣí ẹ̀yìn wọn. Bátìrì BL-5C tó wà nínú fóònù bàbá mi ni wọ́n máa ń yọ sínú rédíò kékeré wọn bí ìròyìn bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá sì gbọ́ ọ tán, wọn a dá a padà. Àwọn ìyá wa àgbà kì í tilẹ̀ pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní bátìrì. Òkúta ni wọ́n ń pè é: òkúta tọ́ọ̀ṣì, òkúta rédíò. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá fẹ́ràn orúkọ yẹn púpọ̀, torí òkúta jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń mú, tó bá ti kú, a jù ú nù, a ra òmíràn. Ta ló wá fẹ́ máa pe ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ní òkúta?

Nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ jáde ní 2007, inú ni wọ́n ti bátìrì rẹ̀ mọ́. Samsung ṣe bẹ́ẹ̀ sí Galaxy S6 ní 2015. Lónìí, bóyá Tecno lo gbé lọ́wọ́ ni o, bóyá Infinix ni, bóyá itel, ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di pọ̀. Wọ́n ní torí kí fóònù lè tẹ́ẹ́rẹ́ ni, àti kí omi má bàa wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì lithium kò ní ṣàì darúgbó nítorí pé a tì í mọ́lé. Apple fúnra wọn sọ pé àwọn ṣe bátìrì iPhone tó ṣáájú iPhone 15 kí ó lè ṣẹ́kù 80% agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iná sí i ní odindi ìgbà 500. Ẹni tó bá ń lo odindi agbára bátìrì kan lójúmọ́, ọjọ́ 500 kò pé ọdún kan àbọ̀. Ẹ wá fi ti wa kún un: ooru ilẹ̀ wa, fóònù tó ń gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí mọ́jú torí pé NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé.

Ìtàn méjì kan wà tí mo máa ń fi wéra wọn. Ní 2007, Nokia kéde pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 46 bátìrì BL-5C tí ilé-iṣẹ́ Matsushita bá wọn ṣe lè gbóná jù bí wọ́n bá ń gba iná. Kí ni wọ́n ní kí àwọn ènìyàn ṣe? Wọ́n ní kí oníkálukú ṣí ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, kí ó ka nọ́ńbà tó wà lára bátìrì náà, tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọn yóò fún un ní tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Fóònù rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2016, bátìrì Samsung Galaxy Note 7 bẹ̀rẹ̀ sí í gbiná. Inú ni ti èyí wà, nítorí náà odindi fóònù ni wọ́n ń gbà padà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, nígbà tó sì di oṣù Ọ̀wàrà ọdún náà, wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá. Àìsàn kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Ọ̀kan rí oògùn lò, wọ́n sin èkejì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì bi mí léèrè pé ṣé mo fẹ́ kí ebi pa àwọn ẹnjiníà ni. Ìbéèrè gidi ni, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹnjiníà ni èmi fúnra mi ti kọ́ ọ. Lákòókò ìsinmi gígùn kan, mo jókòó ti ọ̀kan ní Ìlobùú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, mo ń bá a gbá ṣọ́ọ̀bù, mo ń bá a lọ ra oúnjẹ. Bátìrì pípààrọ̀ kọ́ ló ń bọ́ ọ. Ojú fóònù tó fọ́, ihò ṣájà tó bàjẹ́, fóònù tó já sómi, ìwọ̀nyẹn ni iṣẹ́ tó ń gba ọgbọ́n, kò sì sí èyí tí èmi lè fọwọ́ kàn níbẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀ kò ní sá fún ẹnjiníà, ṣùgbọ́n wọn kò ní lè ta gbànjo fún un. Àǹtí mi yìí kan náà ti sanwó bátìrì “tuntun” níbì kan rí, oṣù méjì kò pé tó fi kú. Nígbà tí mo ṣí i, bébà tuntun ni wọ́n wé mọ́ bátìrì àtijọ́.

N kò ní purọ́ pé ó rọrùn. Fóònù àkọ́kọ́ tí mo ṣí, tèmi ni, mo sì bà á jẹ́. Mo fi ìkánjú ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà láì mọ̀ pé wáyà pẹlẹbẹ tó ń mọ ìka ọwọ́ wà lára ìdérí náà. Ó já. Títí dòní, fóònù yẹn kò mọ ìka mi mọ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe nìyí. Mo máa ń jẹ́ kí iná inú bátìrì lọ sílẹ̀ ju 25% lọ kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan, torí bátìrì tó kún ló ń jó burúkú bí nǹkan bá gún un. Mo máa ń pa fóònù náà, mo sì máa ń yọ síìmù rẹ̀. Omi gbígbóná tí mo rọ sínú ìgò ike, tí mo wé aṣọ mọ́, ni mo fi ń mú ẹ̀yìn rẹ̀ gbóná kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀ (ẹ má fi áyọ́ọ̀nù ṣe é o, ẹ má sì gbé e sún mọ́ iná). Káàdì ATM tó ti kú ni mo fi ń la etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, n kì í tì í wọlé jù. Bí mo bá ti tú àwọn síkúrù kékeré, ẹnu wáyà bátìrì ni mo kọ́kọ́ ń já kúrò, ike ni mo sì fi ń já a, kì í ṣe irin. Lẹ́yìn náà ni bátìrì fúnra rẹ̀. Ibí ni ewu wà. Bí ó bá ní etí tí a fi ń fà á, sùúrù ni kí a fi fà á. Ẹ má fi ọ̀bẹ tàbí síkúrúdíráfà họ ìdí rẹ̀, ẹ má sì ká a. Kí n tó lẹ tuntun mọ́ ibẹ̀, mo máa ń so ó, kí n tan fóònù wò. Ara bátìrì tuntun gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà kan náà tó wà lára ti àtijọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n bá kọ 10000mAh sí lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Bátìrì tó bá ti wú, ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹ̀yìn fóònù bá ti ń gbéra sókè, gáàsì ti kún inú bátìrì yẹn. Ẹ má fi sí iná mọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ má gún un kí ó lè “mí”. Ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì lọ sórí sìmẹ́ńtì tàbí yanrìn, kí ẹ sì wá ẹni tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Èéfín rẹ̀ nìkan tó ṣe ènìyàn léṣe. Èmi náà kì í fọwọ́ kàn án, ẹni tó bá sì pè mí ní ojo, mo gbà.

Ní Yúróòpù, wọ́n ti fi òfin sí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin bátìrì tí wọ́n ṣe ní 2023 ní pé láti ọjọ́ 18 oṣù Èrèlé ọdún 2027, ẹni tó ra ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì kékeré gbọ́dọ̀ lè yọ ọ́ kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn fóònù tí omi kò lè wọ̀ tí bátìrì wọn sì ń pẹ́ gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa bèèrè irú rẹ̀ nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ni a ń lo fóònù kan fún ọdún mẹ́rin, tí a ó tún fi fún àbúrò.

Nígbà tí wọ́n dẹ kónílé-ó-gbélé, mo ra bátìrì ní Òṣogbo, mo sì gba Ìfọ́n lọ. Àǹtí mi jókòó tì mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí wọ́n ń dá abẹ́ fún. “Ọmọ mi, rọra o, gbogbo nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi ló wà níbẹ̀.” Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, mà, ibẹ̀ kọ́ ni nọ́ńbà ń gbé.” Ó gbà mí tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Nígbà tó tan, màmá mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ títí tí mo fi jẹ ẹ̀bà tán.

Bátìrì àtijọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi téèpù dí ẹnu rẹ̀, mo rì í sínú yanrìn nínú agolo mílíìkì kan lẹ́yìn ilé wa, torí kò yẹ kí a jù ú sí ààtàn níbi tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí. Mo ti bèèrè ní Ìlobùú, mo ti bèèrè ní Ìfọ́n. N kò tíì rí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi.