Ẹ̀tẹ̀ wà lókè, ẹ ń pa làpálàpá nílẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ní Tchaourou, ẹ̀yin tó wà ní Parakou, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Kútọnu, àti ẹ̀yin ará wa ní òdìkejì bodè, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ń kọ́ ọmọ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń pe dictée fún àwọn ọmọ CM2. Òjò dé. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí n kò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Mo pariwo, mo ń rìn láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, mo pe gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, ọmọ kan ti kọ ọ́ pé màmá lọ ra « poison » lọ́jà. Poisson ni mo pè, ẹja. Májèlé ni ọmọ gbọ́. Ṣé olódo ni ọmọ yẹn? Rárá o. Páànù tó wà lórí wa ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ kẹta ìyẹn ni a ṣe ìpàdé òbí. Àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi ti fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kí ni wọ́n ní kí á fi owó náà ṣe? Carreaux! Kí ilẹ̀ kíláàsì máa dán, kí fọ́tò rẹ̀ lè dára. Mo ní rárá, wọ́n ní mo lágídí. Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá nìyí?

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Páànù fẹ́lẹ́, ó sì le. Bí ẹ̀kán òjò bá ṣe ń bà á, bí ìgbà tí ọ̀pá ń ba awọ ìlù ni. Igi òrùlé á gba ariwo náà, á gbé e wá sísàlẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń gbé ilé alájà mọ irú ìṣòro yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ́ pákó tín-ín-rín sílẹ̀ yàrá, wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ìró ẹsẹ̀ wọn má baà dààmú ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀. Tiwọn, ẹsẹ̀ ló ń lu pákó. Tiwa, òjò ló ń lu páànù. Oògùn kan náà ni: fi ohun rírọ̀ àti ohun wíwúwo sáàárín ohun tó ń lù àti etí ọmọ.

Ṣùgbọ́n owó kò pọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní ìtàkutà. Páálí ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kì í dá ariwo òjò dúró, iná ló tètè ń mú un. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí, ó fúyẹ́ jù. Ó lè dín ooru kù díẹ̀, kò lè pa ariwo. Bí iná bá sì mú un, èéfín rẹ̀ burú.

Ohun tí mo fara mọ́ nìyí. Ẹ gba rọ́bà inú táyà tó ti gbó lọ́wọ́ àwọn tó ń lẹ táyà, ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi sáàárín igi òrùlé àti àjà. Kí àjà náà jẹ́ contreplaqué, kí àyè wà láàárín òun àti páànù, kí ẹ sì dí gbogbo etí rẹ̀ dáadáa, torí ibi tí afẹ́fẹ́ bá gbà, ariwo á gba ibẹ̀. Kò ní pa ariwo tán, ṣùgbọ́n ọmọ á gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Bí owó kò bá tó fún gbogbo kíláàsì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti CI, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ ìró lẹ́tà, àti CM2, níbi tí CEP ń dúró dè é.

Àwọn kan ní òjò kì í rọ̀ lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, òjò ń rọ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì wà ní ṣíṣí. Oṣù kẹfà gan-an ni wọ́n ń ṣe CEP! Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ariwo inú kíláàsì lásìkò ẹ̀kọ́ kò yẹ kó ju décibel 35 lọ. Ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nítòsí wa, nǹkan bí 60 ni. Kí wá ni ti òjò ńlá lórí páànù?

Àwọn mìíràn ní: « Àwa náà kàwé lábẹ́ páànù, a sì yege. » Ẹni tó yege ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fìdí rẹmi kò sí ní ìpàdé láti dá wa lóhùn. Wọ́n wà lóko, wọ́n wà lórí zémìdján.

N kò ní kí á padà sí òrùlé koríko àwọn baba wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kì í dí wọn létí lábẹ́ rẹ̀. Mo kàn ní kí á gbójú sókè kí á tó náwó sílẹ̀. Ọmọ kì í fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbọ́ dictée.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó ra carreaux: bí òjò bá ń rọ̀, ṣé ọmọ wa ń gbọ́ olùkọ́ rẹ̀? Ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níbí, báwo ni ti kíláàsì yín? Ẹ sọ ọ́ sísàlẹ̀.