Gbèsè Wo La Jẹ Saturn?

Ẹ̀yin awòràwọ̀, ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Láyé ọjọ́un, Ptolemy ka Saturn mọ́ àwọn ìràwọ̀ burúkú. Alice Bailey wá yí ọ̀rọ̀ náà padà nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1951: ó ní olówó-èlé wa ni, tó ń gba gbèsè ayé tí a ti lò kọjá, tó sì ń fi ìyà kọ́ ọkàn lẹ́kọ̀ọ́. Ó dáa, olùkọ́ sàn ju ọ̀tá lọ.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àbúrò mi lẹ́ni ọdún 29. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní kó má ráhùn, Saturn ló padà dé, gbèsè ló ń san. Àbúrò mi gbà! Kò béèrè owó oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá ẹ̀ jẹ ẹ́.

Háà! Nǹkan bí ọdún 29 àti ààbọ̀ ni Saturn fi ń yí oòrùn ká. Kò sẹ́ni tó pé ọgbọ̀n ọdún tí kò kàn, ọ̀gá náà ńkọ́? Ṣebí òun gan-an ni onígbèsè.

Mo ti wí fún àbúrò mi: lọ́jọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ lọ́yà là ń lọ.