Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ Àbá Lẹ́yìn Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìbàdàn, Òkè-Ògùn, Oǹdó àti Ẹkìtì, ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí: nígbàkigbà tí ìjọba bá tún pe àpérò ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìgbèríko, ẹ lọ. Ẹ lọ, kí ẹ sì sùn síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àpérò ti sú yín. Ètò ìjọba ò tíì tán lẹ́tí yín: Operation Feed the Nation dé ní 1976, Green Revolution tẹ̀lé e ní 1980, DFRRI tó ní òun fẹ́ la ọ̀nà oko dé ní 1986. Ní 2003, ní Maputo, àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí pé ó kéré tán, ìdá 10 nínú 100 owó ìṣúná ni yóò máa lọ sí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nàìjíríà ò mú un ṣẹ. Ta ló máa bi wọ́n, bí àgbẹ̀ ò bá sí ní ìjókòó?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ àpérò, ti fọ́tò ni. Kọmíṣọ́nnà á sọ̀rọ̀, wọ́n á pín báàgì àti bírò, ìrẹsì á jáde, àgbẹ̀ á sì wá mọ́tò padà sílé. Iṣẹ́ gan-an di alẹ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí èèyàn mélòó kan bá jókòó ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ àbá. Gbólóhùn kan níbẹ̀ ló máa sọ bóyá ajílẹ̀ á dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, tàbí ìgbà tí àgbàdo bá ti gbó tán.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan yan èèyàn méjì, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin, kí ẹ sì dáwó ọkọ̀ fún wọn. Mo ní kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ẹbí sì fi ìyókù sí ìkáwọ́ ọkùnrin. Ìyá tó ti ń dáko lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ títí orí fi hewú, ìwé wo ló fẹ́ mú lọ sí báńkì láti fi yáwó?

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ kọ iye tí ọlọ́kadà ń gbà lórí àpò gàrí kan láti abà dé títì. Ẹ mú rìsíìtì kòkó dání.

Ní 1968 àti 1969, ẹ̀mí bọ́ kí ìjọba tó gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà ń sọ lórí owó-orí. Lónìí, àga lásán ni ẹ máa gbà. Bí wọ́n bá sì sọ pé òtẹ́ẹ̀lì Àbújá ni àwọn ti máa ṣe àpérò náà, ẹ ní kí wọ́n gbé èyí tó kàn wá sí abúlé, kí kọmíṣọ́nnà náà fi ọkọ̀ tirẹ̀ gba ọ̀nà wa.

Ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀ yìí ni kí ẹ ti yan èèyàn yín, kí ìwé ìpè tó dé.