Ìyàsọ́tọ̀: Ta Ni A Yà Á Sọ́tọ̀ Fún?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí: ìyàsọ́tọ̀. Yíyà sílẹ̀ àti ṣíṣà yàn súnmọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni títa nù. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó ṣa nǹkan yàn rí iyì rẹ̀; ẹni tí ó ta á nù rí àbùkù rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni kí a máa pe ìtanù ní ìyàsọ́tọ̀.

Nígbà tí Umar gba ìmọ̀ràn Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), tí ó sì ya ilẹ̀ rẹ̀ ní Khaybar sọ́tọ̀ ní wakfu, a kò gbọdọ̀ tà á, a kò sì gbọdọ̀ jogún rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn aláìní, ìbátan àti arìnrìn-àjò ni wọ́n ń jẹ èrè rẹ̀. Ti Ọlọ́hun ni. Ènìyàn ni ó ń ṣe láǹfààní.

Ẹ wo Mọ́sálásí Àgbà Ìbàdàn ní Ọjà'ba. Bàtà kì í wọ inú rẹ̀, a kì í sì í nájà níbẹ̀. Síbẹ̀, ìtòsí ọjà ni ó wà, tí oníṣòwò ń yà síbẹ̀ kírun.

Ọ̀dọ́ tí ó mọ ẹ̀sìn tán, tí kò kí ìyá rẹ̀ mọ́ ní agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà, kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Okùn ìbátan ni ó já. Nínú Súrà Luqmān, Ọlọ́hun pàṣẹ pé bí òbí bá tilẹ̀ ń fi ipá múni lọ sínú ẹbọ, kí a má tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n kí a bá wọn gbé pẹ̀lú dáadáa.

Kí Ọlọ́hun yà wá sọ́tọ̀ fún ara Rẹ̀. Àmín.