Àrùn Ojú tí Kì í Dunni

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí kò dunni kì í ṣe àrùn. Bí orí bá fọ́ wọn, wọn a wá oògùn. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ń kú lọ láìsí ìrora, wọn kì í fura. Èrò yìí ni ó ń fọ́ ojú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, nítorí pé ẹ̀yà gulakómà tí ó wọ́pọ̀ jù kì í dunni rárá.

Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Bí ó ti ń sun ni ó ń ṣàn jáde. Bí ọ̀nà tí ó ń gbà jáde kò bá já gaara mọ́, omi náà a pọ̀ jù, agbára rẹ̀ a sì máa pa iṣan tí ń gbé ìríran lọ sínú ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni ojú ti í kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ọkùnrin tí ó ní i ṣì ń ka ìwé, ó ṣì ń dá ọmọ rẹ̀ mọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fẹsẹ̀ kọ àpótí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì máa bá àwọn ọmọdé wí pé wọn kò tún ilé ṣe. Iṣan tí ó bá ti kú, kò sí oníṣègùn tí ó lè jí i.

Síbẹ̀ àrùn náà ní ìtọ́jú. Ní 1857 ni von Graefe, ará Jámánì, kọ̀wé nípa fífi abẹ tọ́jú ẹ̀yà kan nínú rẹ̀. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn èyí, Ludwig Laqueur, tí àrùn náà ń bá fúnra rẹ̀ jà, lo oògùn tí a yọ lára ẹ̀wà olóró Kàlàbá, ẹ̀wà kan náà tí àwọn Ẹ́fíìkì fi ń dán ẹni tí a fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò láyé àtijọ́! Lónìí, oògùn tí a ń kán sójú, ìtànṣán lésà àti iṣẹ́ abẹ ni a fi ń dẹ agbára omi náà.

Ẹni tí ó kán oògùn fún oṣù mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ kò sì mọ́ ju ti àná lọ, a ní oògùn kò jẹ́, a sì sọ ìgò nù. Kò rò ó re. A kì í kán an kí èyí tí ó ti lọ lè padà. A ń kán an kí èyí tí ó kù má baà lọ. Òótọ́ ni pé ó wọ́n, nítorí a kì í dáwọ́ rẹ̀ dúró; ṣùgbọ́n ẹni tí ó tìtorí owó yà sọ́dọ̀ akiri-oògùn lè ra irú èyí tí ń mú agbára omi náà le sí i.

Ìpamọ́ ni ó burú jù. Àrùn yìí a máa tọ ìdílé, ó sì ń tètè mú ènìyàn dúdú ju òyìnbó lọ. Bàbá tí ó ní ayé ni ó fọ́ òun lójú, tàbí tí ó fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nítorí ìtìjú, ń fi ìkìlọ̀ du àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ní àkókò, wọn yóò lọ sí ilé ìwòsàn ojú nígbà tí wọ́n ṣì ń ríran kedere, kí oníṣègùn wọn agbára omi inú ẹyinjú wọn, kí ó sì yẹ iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ wò.